Màmá Àkámọ́ àti Àwọn Fáìlì Àtijọ́

Màmá Àkámọ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣí àkámọ́, ìyẹn àmì ( ) tí a fi ń há ọ̀rọ̀ mọ́ àárín, láìpa á dé, òun ló máa kọ́kọ́ rí i. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló dá èdè kékeré kan sílẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn fi ń pàṣẹ fún ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé tí ọkọ ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí ìyàwó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ọkọ á jókòó lórí páálí bébà, òórùn yíǹkì á gba gbogbo ara wọn. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọkọ ti di olóògbé.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń tọ́jú èdè náà báyìí, gbé ọ̀rọ̀ kan wá.

"Màmá, tí mo bá fẹ́ fi orúkọ èèyàn sáàárín gbólóhùn, àfi kí n gé gbólóhùn náà sí méjì, kí n tún wá so ó pọ̀. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ ká kàn kọ 'orúkọ' sínú àkámọ́, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fi orúkọ ẹni náà rọ́pò rẹ̀."

"Ó dáa. Àwọn tó ti ní àkámọ́ nínú gbólóhùn wọn tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Mélòó ni wọ́n?"

Wọ́n dán an wò lórí àwọn fáìlì tí àwọn èèyàn ti ń fi ránṣẹ́ sí wọn látẹ̀yìn wá. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló dáṣẹ́ dúró.

"Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà," ni Màmá wí. "Àkísà mi rèé."

"Àkísà yín mà pọ̀ o, Màmá!"

Màmá ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ọ̀kan tó mọ̀ dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́, fún lẹ́tà tí ilé ìwé kan fi ń pe àwọn òbí. Ó fi "ọmọ" sínú àkámọ́, kí tíṣà lè mọ ibi tó máa fi bírò kọ orúkọ sí. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ń wá "ọmọ" kiri, kò rí i. Lókè fáìlì náà, ọkọ rẹ̀ ti kọ ọ́ pé: "Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò mọ ìdí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyí."

"Wọ́n ṣì ń lò ó?"

"Ní gbogbo sáà. Ilé ìtẹ̀wé tó ti ṣiṣẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló sì ń darí ibẹ̀. Ṣé èmi ni kí n sọ fún un pé mo ti ba iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ jẹ́?"

Orí itan ọkọ Màmá ni ọmọ àbúrò yìí jókòó sí nígbà tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n Màmá, tí a ò bá tún èdè yìí ṣe, àwọn ọ̀dọ́ á fi wá sílẹ̀."

"Òótọ́ lo sọ."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi fà á. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò: gbólóhùn tí a bá fi àmì ìràwọ̀ síwájú rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà yóò yẹ àkámọ́ inú rẹ̀ wò. Èyí tó kù, bó ṣe wà ni kó wà. Ọmọ náà kùn díẹ̀, torí ó ń gbàgbé ìràwọ̀ ọ̀hún ṣáá, ṣùgbọ́n ó gbà.

Nígbà tí èdè tuntun náà jáde, Màmá pe ilé ìtẹ̀wé.

"Ṣé lẹ́tà àwọn òbí ṣì ń jáde dáadáa?"

"Dáadáa ni, Màmá. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo ní kí n kàn kí yín ni."

Ni ọmọṣẹ́ àtijọ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ọ̀gá ṣe máa ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jà bí ẹni ń bá èèyàn jà. Màmá fa àga mọ́ra, ó jókòó, ó ní kó máa sọ ọ́ lọ.