Gbẹ́hùtù Tí Adùnọlá Kò Rí Láàyè Rí

Ó ti lé lógún ọdún tí Adùnọlá ti ń ta egbòogi ní Mushin, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Bí o bá fi orúkọ kan pe ewé mìíràn níwájú ìsọ̀ rẹ̀, o ti fọwọ́ fa ìjà. Ìsọ̀ mi ló kángun sí tirẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ yunifásítì kan, Moyọ̀sọ́lá, wá béèrè gbẹ́hùtù, gbòǹgbò tí a ń sè fún ibà pọ́njú. Ó fi àwòrán tó yà nínú igbó Ṣakí hàn wá: òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, ó yọ láti inú ilẹ̀ tí iná ti jó, kò sí ewé kankan lára rẹ̀.

"Mọ́mì, gbẹ́hùtù yín rèé."

"Irọ́ ni! Òdòdó wo ni ò ní léwé? Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lọ́jà tí mò ń tà?"

Àṣé gbòǹgbò gbígbẹ nìkan ló mọ̀. Àkàngbé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ń fi í ránṣẹ́ láti oko wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àkàngbé yìí náà ló sin Oyèwọlé, àkọ́bí Adùnọlá, tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, Adùnọlá kò sì béèrè rí. Ṣùgbọ́n bó bá ń tòògbé nísọ̀, mo máa ń gbọ́ tó ń pe ọmọ náà pé kó wá jẹun.

Kó lè dójú ti Moyọ̀sọ́lá, ó ní kó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Àkàngbé. Adùnọlá pè é, ó sì fi fóònù sórí sípíkà kí gbogbo wa lè gbọ́.

Bàbá náà ti rí àwòrán náà. "Ìyàwó, ta ló mú ẹ débẹ̀?"

"Ibo nìyẹn, Bàbá?"

"Ibi tí Oyèwọlé wà. Èmi ni mo gbin gbẹ́hùtù síbẹ̀, kí n má baà gbàgbé ojú oórì rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ló wà lóko wa."

Moyọ̀sọ́lá ń mi orí pé Ṣakí ni, Ṣakí ni. Ta ló ń gbọ́?

"Èyí tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi ńkọ́?"

"Ó ti gbilẹ̀. Etí etí ni mo ń hú."

Adùnọlá jókòó sílẹ̀. "Ṣìmí mu ún lọ́dún tó kọjá," ló wí fún mi. Ṣìmí lọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, ibà pọ́njú ì bá sì ti gbé e lọ. "Èmi ni mo sè é. Àbúrò Oyèwọlé ló mu ún."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá béèrè gbẹ́hùtù, á ní ó ti tán. Bẹ́ẹ̀, àpò náà wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Kò pe Oyèwọlé lójú oorun mọ́. Ọ̀sán gangan, tójú ẹ̀ là kedere, ló ń bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó tó ń pè é kó wá jẹun.