Mọ́rúfù Oníbúlọ́ọ̀kù àti Èrè Tí Kò Wálé

Ní Ajah, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Mọ́rúfù Akínsànyà, kí ó tó pe orúkọ náà tán ni ẹlòmíràn yóò ti bèèrè pé, "Ṣé èyí tó ra ẹgbẹ̀ta àpò òkúta?" Ó yẹ kí a ṣe àlàyé, nítorí Mọ́rúfù kò ra òkúta. Sìmẹ́ǹtì ni ó rà. Òjò ni ó sọ ọ́ di òkúta.

Ọdún 1979 ni. Mọ́rúfù ní ọgbà kan létí ọ̀sà, níbi tí òun àti òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ti ń po yanrìn pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n ń mọ búlọ́ọ̀kù tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọkọ̀ ojú omi ni ó fi ń kó sìmẹ́ǹtì wá láti Èkó nígbà náà, nítorí títì kò tíì dé. Ọgbọ̀n àpò ló ń tó wọn lò lọ́sẹ̀ kan. Ẹnìkan wá ta Mọ́rúfù lólobó pé sìmẹ́ǹtì yóò wọ́n. Lójú ẹsẹ̀ ló kó gbogbo owó ilé-iṣẹ́ jáde, ó ra ẹgbẹ̀ta àpò, ó sì tò wọ́n dé àjà. Bí àlejò bá dé, yóò mú un wọ ibẹ̀ lọ, yóò na ọwọ́ sí àwọn àpò náà bí ẹni tó ń fi ìyàwó tuntun han ẹbí, yóò ní, "Ẹ wo owó!"

"Ọ̀gá, ilẹ̀ yìí tutù o," ni Ràṣídì, olórí àwọn òṣìṣẹ́, sọ fún un. "Omi ọ̀sà wà nísàlẹ̀, òjò ń bọ̀ lókè."

"Ṣé ìwọ lo fi owó rà á?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Jẹ́ kí ẹni tó fi owó rà á máa ronú."

Òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n ya àpò àkọ́kọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ dúró gbọnin-gbọnin. Wọ́n ya ìkejì, wọ́n ya ìkẹta. Ràṣídì fi òòlù lù ú, òòlù ta padà. Mọ́rúfù wò ó títí, ó mi orí. "Sìmẹ́ǹtì ayé ìsinsìnyí," ó ní, "wọn ò ní sùúrù."

Kò gbà kí wọ́n dà wọ́n nù. Ó ní kí wọ́n tò wọ́n sétí omi níbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, kí ẹsẹ̀ àwọn èrò má bàa kan ẹrẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ sọ ibẹ̀ ní Èbúté Olówó. Ọba pàápàá kò ní irú rẹ̀, èbúté tí gbogbo owó ilé-iṣẹ́ kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀.

A kò gbọdọ̀ rò pé Mọ́rúfù kò mọ iṣẹ́. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ le dáadáa. Bí ó bá bọ́ lé ènìyàn lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn, búlọ́ọ̀kù ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Kì í fi yanrìn dípò sìmẹ́ǹtì, kì í sì í purọ́ iye. Àìsàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò lè rí owó kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní owó tó wà nínú àpótí, bí yóò ṣe sá lọ ló ń rò.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn, ó búra pé ọjà kan kò ní í pẹ́ lọ́wọ́ òun mọ́. Ó sì gbìyànjú láti mú ìbúra náà ṣẹ. Nígbà tí wọ́n la títì dé, tí àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ kọ́lé, Mọ́rúfù ń ta búlọ́ọ̀kù fún gbogbo ẹni tó bá ní ilẹ̀ àti ẹnu. Àwìn ni ó ń tà á. "Ẹni tó bá jẹ ọ́ lówó," ó máa ń wí, "kò lè rí ọ lójú ọ̀nà kí ó má kí ọ." Òótọ́ ni. Láàárín ọdún méjì, kò sí ẹni tí wọ́n ń kí tó o ní gbogbo Ajah.

Kọngílá kan wà tó ń jẹ́ Dúró, ó ń kọ́lé alájà kan lójú ọ̀nà Badore. Ó jẹ Mọ́rúfù ní ẹgbẹ̀rún náírà. Mọ́rúfù wọ ẹ̀wù líle, ó lọ gba owó rẹ̀. Ọ̀sán ni ó tó padà dé, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gá, owó dà?" ni Ràṣídì bèèrè.

"Owó ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó irinwó búlọ́ọ̀kù sínú lọ́rì."

"Ti ta ni?"

"Ti Dúró ni. Ó gbé àga onítìmùtìmù fún mi, ó fún mi ní míníra tútù. Ràṣídì, Ṣíámánù ni ọkùnrin yẹn ń pè mí!"

Ní òpin ọdún 1982, ó gba akọ̀wé kan, Ògúnlànà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ògúnlànà fi to ìwé, kí ó tó wá dúró níwájú tábìlì ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú oríire. Ẹ jèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lọ́dún yìí."

Mọ́rúfù fò dìde. "Alihamudulilai! Mú igba wá nínú rẹ̀, kí n fi san owó ọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ."

"Kò sí, ọ̀gá."

"Kí ni kò sí?"

"Owó. Èrè ni mo ní ẹ jẹ."

Mọ́rúfù wò ó tìyanu-tìyanu. "Akọ̀wé, ṣé o ti jẹun lónìí?"

Ògúnlànà dé fìlà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo èrè náà, ọ̀gá. Ibi tó wà kò jìnnà."

Ó kọ́kọ́ mú un lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú koríko, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò rà mọ́. Alángbá kan ń yá oòrùn lórí wọn. "Èyí ni ti oṣù kejì àti ìkẹta," ni Ògúnlànà wí. Wọ́n gba ọ̀nà Badore lọ. Ilé Dúró ti parí, kọ́tìnì ti wà lójú fèrèsé. "Èyí ni ti oṣù karùn-ún títí dé ìkẹjọ," ni akọ̀wé wí. "Ó ti ní òrùlé." Obìnrin kan tó ń sá aṣọ níwájú ilé bèèrè ẹni tí wọ́n ń wá.

"Èrè mi ni," ni Mọ́rúfù dáhùn.

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí o," ni obìnrin náà wí. "Ẹ bèèrè ní ilé kejì."

Nígbà tí ọdún tuntun fi máa wọlé, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ẹ̀rín. Sátidé mẹ́ta kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ kò rí owó gbà. Oníṣòwò tó ń ta sìmẹ́ǹtì fún un ní Èkó kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́. Ó ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbẹ̀fà. Ẹnìkan sì ti ṣí ọgbà búlọ́ọ̀kù mìíràn sí Sangotedo, ó ń wá òṣìṣẹ́. Ràṣídì wá bá ọ̀gá rẹ̀, kò lè gbé ojú sókè.

"Ọ̀gá, a fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò ṣeé fi se ọbẹ̀. Bí Sátidé yìí bá tún lọ bẹ́ẹ̀, Sangotedo la ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mọ́ńdè."

Mọ́rúfù mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí àwọn mọ́kànlá bá lọ, ọgbà ti kú nìyẹn. Ó rìn yíká gbogbo Ajah, àwọn onígbèsè rẹ̀ kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, kò sí ẹni tó fún un ní kọ́bọ̀. Ó wá ku ibì kan ṣoṣo tí kò tíì dé.

Ìyàwó rẹ̀, Fàúsátù, ń yan ẹja lẹ́yìn ilé. Yóò ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja ní àárọ̀, yóò yan án, ọjọ́ kejì ni yóò tà á lọ́jà. "Òwò abọ́" ni ọkọ rẹ̀ máa ń pè é. Lọ́jọ́ náà, ó rí Mọ́rúfù tó ń bọ̀ nínú èéfín, ó ń nu ojú.

"Ìyá Tájù, ẹ kú iṣẹ́ o."

Fàúsátù sọ ẹja ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá Tájù, ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń yan ẹja níbí, ẹ ò kí mi rí."

"Mo kàn ní kí n wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni."

"Eélòó ni?"

Mọ́rúfù ní ẹgbẹ̀rin náírà ni. Obìnrin náà wọlé, ó sì mú un jáde. Ẹnu ya ọkọ rẹ̀ ju bí inú rẹ̀ ṣe dùn lọ. "Níbo lo ti rí i? Ṣebí abọ́ mẹ́rin péré lò ń gbé lọ sọ́jà!"

"Abọ́ mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n owó tí mo fi ra ẹja láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó ti padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, ó sì mú ọmọ lọ́wọ́. Ogójì náírà kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ nígbà mẹ́tàlá lóṣù. Tiyín jáde lọ́dún tó kọjá, ó ṣì ń ṣe àlejò lójú ọ̀nà Badore."

"Ẹja ni tìẹ. Ẹja ń bàjẹ́. Dandan ni kí o tètè tà á."

"Sìmẹ́ǹtì yín ńkọ́?"

Mọ́rúfù na ọwọ́ sí owó náà.

Fàúsátù kò tíì fi í sílẹ̀. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín," ó ní. "Sìmẹ́ǹtì ọ̀sẹ̀ kan lẹ ó máa rà. Búlọ́ọ̀kù kan ò ní í jáde lọ́gbà kí owó rẹ̀ tó wọlé. Owó àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ ó sì kọ́kọ́ máa yà sọ́tọ̀."

"Tí Dúró bá wá ńkọ́? Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi."

"Kó mú owó lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà kó máa pè yín ní Ṣíámánù títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Mọ́rúfù gbà. Ràṣídì àti àwọn yòókù gba owó wọn ní Sátidé, ẹnikẹ́ni kò lọ sí Sangotedo. Ní Mọ́ńdè, Mọ́rúfù gba ọ̀dọ̀ Dúró lọ, igo omi tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé alájà náà.

"Háà, Ṣíámánù!" ni Dúró ké. "Ẹ dìde, ẹ jókòó sórí àga."

"Àga yẹn," ni Mọ́rúfù wí, "ó ti ná mi ní irinwó búlọ́ọ̀kù."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi jókòó síbẹ̀, tí ó ń kí àwọn ayálégbé bí wọ́n ti ń jáde, tí ó ń sọ fún wọn pé ògiri yàrá wọn ń kí òun náà. Ní ọjọ́ kẹta, Dúró san gbogbo owó náà.

Láti ìgbà yẹn, Mọ́rúfù di ẹlẹ́sìn owó ọwọ́. Ó ta àwọn búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀dínwó, ó lé alángbá kúrò. Lèmọ́mù Yẹ̀kínì wá, ó fẹ́ gba ọgọ́rin búlọ́ọ̀kù fún ògiri mọ́ṣáláṣí, ó ní òun yóò mú owó wá tó bá di Jímọ̀.

"Mọ́rúfù, ilé Ọlọ́run ni o."

"Mo mọ̀, Lèmọ́mù. Ìdí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ kó jẹ gbèsè."

Lèmọ́mù fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọrẹ. Mọ́rúfù ni ó kọ́kọ́ dá ogún náírà. Lèmọ́mù gbà á, ó ka àdúrà sí i, ó dá a padà fún un láti fi bẹ̀rẹ̀ owó búlọ́ọ̀kù. Mọ́rúfù gbà á, ó sì já risíìtì fún un.

Ní òpin ọdún, Ògúnlànà tún dúró níwájú tábìlì. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tà dín kù sí ti ọdún tó kọjá, ó ní, ṣùgbọ́n wọ́n jèrè ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

Mọ́rúfù na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀. "Ọ̀nà ibo la ń gbà lọ?"

"A ò lọ síbì kankan, ọ̀gá. Ó wà nínú àpótí."

Mọ́rúfù ṣí àpótí, ó wo owó náà. "Ẹ káàbọ̀," ó ní.

Ọdún márùn-ún ni ọgbà náà fi dúró bẹ́ẹ̀, Sátidé kan kò sì kọjá kí òṣìṣẹ́ má gba owó. Ní ọdún 1988, ibà mú Mọ́rúfù ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sì kú ní òwúrọ̀ Tọ́sìdeè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín. Yanrìn ni gbogbo ilẹ̀ Ajah, bí a bá gbẹ́ ẹ, ó ń ya, nítorí náà, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi gbé ẹ̀gbẹ́ sàréè náà ró.

Kí Lèmọ́mù tó kírun sí i lára, ó yíjú sí jàmáà gẹ́gẹ́ bí àṣà. "Ẹni tí òkú yìí bá jẹ lówó, kó sọ̀rọ̀, tàbí kó dárí jì í."

Ràṣídì ni ó na ọwọ́ sókè.

"Lèmọ́mù, ogójì búlọ́ọ̀kù jáde lọ́gbà fún sàréè lónìí."

Jàmáà kùn. Láàárín àwọn obìnrin tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, Fàúsátù ti ń tú etí ìró rẹ̀ láti mú owó.

"Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀, ìyá wa," ni Ràṣídì wí. "Àwa mọ́kànlá ti dá owó rẹ̀. A san án kí a tó gbé ẹyọ kan sínú bárò, Akọ̀wé sì ti já risíìtì. Mo kàn fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ pé ọ̀gá wa ò jẹ ẹnikẹ́ni."

Lèmọ́mù ya ẹnu láti dáhùn, ẹ̀rín ni ó jáde. Ó fi apá agbádá bo ẹnu. Ẹ̀rín náà mú àwọn tó wà ní ìlà iwájú, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, títí tí Fàúsátù fúnra rẹ̀ fi ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń fi etí ìró tó tú náà nu ojú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Lèmọ́mù yíjú sí iwájú. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì dé etí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìrun.