Ohùn Tó Ń Rán Ìyá Létí Oògùn

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló máa ń kún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí a máa ń jókòó sí ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà náà, òun àti òórùn ìwé gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ fótókọ́pì. Tí a bá fi máa délé, aṣọ wa á ti rùn bíi ti mẹkáníìkì. Ìwọ náà á rántí irú fóònù ìgbà yẹn: ojú rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná lọ, inú rẹ̀ kò sì gba nǹkan kan. Síbẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin kan tí a jọ wà ní kíláàsì ti pinnu pé a óò máa kọ ètò tí yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí a lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe.

Ọmọ Efire létí ọ̀sà lọ́hùn-ún ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Èmi ọmọ Òkè-Àgbò n'Ìjẹ̀bú-Igbó kò rí ọ̀sà rí títí ó fi mú mi lọ sílé wọn, tí ìyá rẹ̀ sì sọ mí di “ìyàwó wa” lọ́jọ́ náà gan-an láìbi mí. Ẹja ló ń yan. Ó fún mi ní èyí tó tóbi jù, ó sì dùn débi pé n kò bá a jiyàn mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó. Ìyá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ti fún un ní oògùn tí yóò máa lò láràárọ̀, hóró kan péré, ṣùgbọ́n tí ẹja bá ti wọlé báyìí, ìyá ti gbàgbé nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni ọ̀rẹ́ mi, bàbá sì ti kú. Ẹ̀rù ń bà á pé òun lè wá sílé lọ́jọ́ kan kí òun má bá ìyá òun.

Ètò tí a kọ fún ìyá kò díjú. Tí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá lù, ohùn ọmọ rẹ̀ yóò jáde nínú fóònù: “Ìyá mi, ẹ lo oògùn yín o.” A dán an wò títí lórí fóònù tèmi ní Àgọ́-Ìwòyè, kò tàsé rí. Lọ́jọ́ tí a gbé e sínú fóònù ìyá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. “Ọmọ mi wà nínú fóònù!” Ó pe gbogbo aládùúgbò wá gbọ́ ọ. Lójú tèmi, kò sí ohun tí a ò lè ṣe mọ́ láyé yìí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyá pè wá pé ìyá ṣubú. Òòyì ló kọ́ ọ létí omi, díẹ̀ ló kù kó wọnú ọ̀sà lọ. A wọ ọkọ̀ gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Efire. A bá ìyá lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ya òun lẹ́nu, nítorí gíga ni tirẹ̀ máa ń ga.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Oòrùn ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́. Ibi tí a wà nìyẹn tí ohùn ọ̀rẹ́ mi fi jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí: “Ìyá mi, ẹ lo oògùn yín o.” Ìyá yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó nawọ́ sí ike oògùn. Ọmọ tó bí jókòó níwájú rẹ̀, kò ní kó lo nǹkan kan, síbẹ̀ èyí tó wà nínú fóònù ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ọ̀rẹ́ mi já ike náà gbà. “Ìyá mi, ṣé ẹ ò tíì lò ó láàárọ̀ ni?”

“Mo ti lò ó.”

“Kí ló wá dé tí ẹ tún fẹ́ lò ó?”

Ìyá wò ó tìyanu-tìyanu. “Ìwọ náà lo tún ní kí n lò ó. Mo ní bóyá ìwé tí o yún kà lọ́hùn-ún ló fi hàn ọ́ pé èyí tí mo lò kò tó.”

Mo gbé fóònù. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló wà lójú rẹ̀. Kò sí iná mànàmáná ládùúgbò wọn nígbà náà. Ńṣe ni wọ́n máa ń yọ bátìrì fún ọkùnrin kan tó ní jẹnẹrétọ̀, kó bá wọn ṣáájì rẹ̀. Bátìrì kì í sì í kúrò nínú fóònù ìgbà yẹn kí aago rẹ̀ má pa rẹ́. Tí wọ́n bá dá a padà, fóònù a béèrè aago, ìyá a tẹ̀ ẹ́ kọjá, aago a tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀gànjọ́, ohùn tó ti dún láàárọ̀ a sì tún dún nírọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lákọ̀tun nínú fóònù nìyẹn nígbà tí ilẹ̀ ìta ń ṣú. Àwa tí a ń ki wáyà bọ ara ògiri ní Àgọ́-Ìwòyè, níbo la ti fẹ́ ronú dé ibẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi jáde síta, mo sì ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti inú yàrá.

Ara ìyá padà bọ̀ sípò, ọpẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ pa ètò náà rẹ́, ìyá kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n lé ọmọ òun jáde. Ni ọ̀rẹ́ mi bá tún ohùn náà gbà sílẹ̀. Kò pàṣẹ mọ́, ìbéèrè ló ń bi í: “Ìyá mi, ṣé ẹ ti lo oògùn yín lónìí?” Mo ti kọ oríṣiríṣi ètò láti ìgbà náà, n kò sì fi ohùn ènìyàn sínú ọ̀kankan láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ rántí ìyá. Èmi tí mo rò pé ìyá yóò wo ohun tí ẹ̀rọ wí, kó fi ọgbọ́n orí rẹ̀ wọ̀n ọ́n, n kò mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ kì í wọn nǹkan kan.

Lẹ́yìn tí a jáde ilé ìwé, tí ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, mo dá yà kí ìyá lọ́jọ́ kan. A jókòó tí à ń sọ̀rọ̀ ni fóònù bi í ní ìbéèrè rẹ̀. Ìyá gbé e sún mọ́ ẹnu. “Mo ti lò ó, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?” Ó gbé fóònù sétí, ó ń retí èsì. Èmi ni mo dá a lóhùn pé ọmọ rẹ̀ ti jẹun.