Àwòrán Ìṣọ̀kan Lára Igi Irúgbá

Igba náírà ni ìyàwó ọmọ mi fi ra irú lọ́jọ́ Sátidé, èyí tí ó gbé wálé kò sì kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, irú kọ́bọ̀ kan ń se ọbẹ̀ ilé fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ilé tiwa, a kì í tilẹ̀ rà á, nítorí ìyá mi ló ń ṣe irú tà. Ará Ìfọ́n ni ìyá mi, bàbá mi jẹ́ ará Ìlọ́bù. Igi irúgbá tí ìyá mi ń kó èso rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà láàárín ìlú méjèèjì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ààlà dé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló ń gun igi náà lọ́dọọdún, tí ó ń gbé ti àbúrò rẹ̀ wá fún un. Àwọn ará ilé bàbá mi ń wò ó, wọn kò sọ nǹkan kan, nítorí aya ilé wọn ló ń jẹ níbẹ̀.

Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. A kò gbọ́ ìró ìbọn lọ́dọ̀ wa, inú rédíò la ti ń jagun. Mo wá sílé fún ìsinmi Àjíǹde nígbà tí ọkọ̀ àwọn ará ìjọba kan, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí lórí, kọjá ní agbègbè wa. Wọ́n lẹ àwòrán mọ́ ògiri káàkiri, wọ́n sì fi ìṣó kan ọ̀kan mọ́ igi irúgbá náà, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i. Ọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan dé fìlà bíi tiwa, ọ̀kan wé láwàní, ọ̀kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tí àwọn ará ìjọba kò mọ̀ ni pé lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í déédéé fi nǹkan kọ́ ara igi eléso. Ìbáà ṣe àkísà, ìbáà ṣe àjákù bàtà, bí o bá ti rí i níbẹ̀, ààlè ni: olóhun wà, má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó fi í síbẹ̀ nìkan ló sì lè yọ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èrò ti pé sídìí igi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé agbọ̀n rẹ̀ dání, ó dúró lókèèrè. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Akọ̀wé," ó wí, "ṣé àwọn ará ilé bàbá rẹ ló rán wọn?"

"Rárá o, bàbá. Ìjọba ni. Wọ́n ní ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wa."

"Àwa àti ta?"

Ìtàn ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, ẹnu sì ń yún mi. Mo ṣàlàyé bí àwọn orílẹ̀-èdè tó gbára jọ nígbà ogun àgbáyé ṣe ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Nígbà tí ogun náà parí ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín?"

Ó nàka sí àwòrán náà.

"Ìṣọ̀kan ò sì rí ibòmíràn gbé, àfi ara igi tí ìyá mi fi tọ́ mi."

Àgbàlagbà kan láti ilé bàbá mi dá a lóhùn láti òdìkejì ọ̀nà: "Ẹ má dì í rù wá o, àna wa. Onífìlà inú àwòrán yẹn, ṣebí ọ̀nà Ìfọ́n ló kọjú sí. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ bá wọn sọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ kọ́ apá, ó yí padà sílé.

Mo ní kí n lọ yọ ọ́. Ìyá mi di aṣọ mi mú. "Bí o bá yọ ọ́, wọ́n á ní ọmọ Ìlọ́bù ti gba igi. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá yọ ọ́, ilé bàbá rẹ á ní Ìfọ́n ti gbà á. Fi sílẹ̀. Òjò ò ní ìlú."

A bẹ̀rẹ̀ sí í retí òjò. Èso igi náà gbó, ó gbẹ, ó ń já bọ́ fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣà á. Ewúrẹ́ nìkan ni kò ka ààlè sí. Ọdún yẹn ni ìyá mi kọ́kọ́ fi owó ra irú, lọ́wọ́ àwọn ará Ẹ̀rìn. Ilé bàbá mi àti ilé ìyá mi ṣì ń kí ara wọn, kíkí náà tilẹ̀ gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí oníkálukú ń fi ojú wá inú ẹnìkejì. Ìfura loògùn àgbà, a sì lò ó yó lọ́dún náà.

Nígbà tí òjò dé, ọwọ́ àwọn ọkùnrin inú àwòrán náà ló kọ́kọ́ fọ̀ lọ, ó fi ẹ̀rín wọn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí n tó padà sí yunifásítì, kò ku nǹkan kan. Ni ìbéèrè mìíràn bá dé: ta ló yọ ọ́? Ìfọ́n bi Ìlọ́bù, Ìlọ́bù bi Ìfọ́n. Kò sí ẹni tó gbà pé òjò ni. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n ìyá mi gun igi náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ méjì dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà. Ó fi ti ìyá mi ránṣẹ́. Kò gbé e wá fúnra rẹ̀ mọ́, títí ó fi kú.

Mo kọjá níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Bàbá mi ti lọ. Ìyá mi ti tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àgbàlagbà tó sọ̀rọ̀ onífìlà ti lọ tipẹ́. Nínú àwọn ọmọ tó ṣọ́ ọ̀nà, ọ̀kan ṣì wà ní Ìfọ́n, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, a máa ń kí ara wa lórí fóònù. Èmi náà wà. Igi náà wà, ìṣó àwọn ará ìjọba sì wà lára rẹ̀, èèpo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò wọ́n tán. Mo na ọwọ́, mo fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn, lẹ́yìn náà mo bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹnìkan rí mi.