Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Nípa Ọmọ Tí Mo Kọ́ ní Dùùrù

Òórùn òrí ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti wọlé. Ìyá rẹ̀ ń po òrí ní Tchatchou, ilé Mùsùlùmí oníṣòwò ni wọ́n, gbogbo ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà bá sì wá kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ mi ní Tchaourou, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń fọ ọwọ́ kó tó jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà. Èmi ti lé díẹ̀ lógójì.

Mo ka ara mi sí èèyàn ńlá nígbà yẹn. Obìnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ kan nínú ìjọ Àgùdà ló kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì fi ogún ọdún tẹ orin àwọn òyìnbó àtijọ́ fún àwọn gbajúmọ̀ ní Cotonou. Ká sọ tòótọ́, ibi tí wọ́n ti ń jẹun ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ jù, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé orin mi lórí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò láti wọ ilé ẹ̀kọ́ orin ní ilẹ̀ Faransé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá mi padà. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá mi kò gbé e mọ́, mo gbé dùùrù mi sínú ọkọ̀ akẹ́rù, mo padà wálé. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé nítorí ìyá mi ni.

Ọmọ yìí kò dà bí àwọn yòókù. Ohun tí mo fi oṣù mẹ́ta kọ́ nígbà tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ìyá mi á jókòó sórí ẹní nínú yàrá kejì, á máa gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Ọlọ́run ti fún ọ lọ́mọ." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí i. N kò tíì kú.

Lọ́dún kejì, ọkùnrin kan tó ń kọ́ni lórin ní Faransé ń kọjá lọ sí Parakou, ó yà kí mi. Ó gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń tẹ dùùrù, ó ní kó tún un tẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà jáde lọ bu omi fún un, ó bi mí pé, "Madame, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Bí mo bá wá àyè fún un lọ́dọ̀ wa lọ́dún yìí, ṣé apá rẹ̀ á ká a?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ jẹ́ kó di àmọ́dún."

Irọ́ ni mo pa. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n èyí kò tilẹ̀ dún. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó wọkọ̀, kò sì padà wá mọ́. Mo kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn náà, kò sí èsì. Ọmọ náà tún wá fún oṣù mẹ́jọ. Bàbá rẹ̀ wá ní kí ló tún ń dúró dè, wọ́n fi í fún ọkọ ní Kika, ó di ẹni tó ń dáko iṣu.

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni mo tó lọ bá a. Ó ń sá iṣu èlùbọ́ sórí àpáta. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá ibi tí mo máa jókòó sí. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

Kò gbójú sókè. Ó ṣì ń pè mí ní tata, bí ẹni ń pe àǹtí. Ó ní, "Mo ti mọ̀, tata. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́."

"Kí ló wá dé tí o ṣì ń wá?"

"Ibo ni mo tún ti máa rí dùùrù?"

Ó ń da iṣu náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí oòrùn lè pa á dáadáa. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo rò pé bóyá ẹ máa yí ọ̀rọ̀ yẹn padà."

Ọmọ mẹ́ta ni mo ń kọ́ ní dùùrù báyìí, kò sí èyí tó máa jù mí lọ nínú wọn. Wọ́n ní ọmọbìnrin rẹ̀ ti tó ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀, àti pé kò sí orin tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí kì í mú. Kika kò jìnnà sí wa. Ìyá rẹ̀ kò mú un wá, n kò sì lẹ́nu láti ní kó mú un wá.