Ọwọ́ ni mo fi ń ya aṣọ

Láti ìgbà tí mo ti ń ta aṣọ ní ọjà Akẹ̀sán, ọwọ́ ni mo fi ń ya á, kò sì wọ́ rí.

Lónìí, ìyàwó ọmọ mi gbé ọ̀bẹ kan dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀bẹ náà ń yí bíi táyà. Ó mú rúlà oníhò gbọọrọ tí ọ̀bẹ náà ń gbà kọjá pẹ̀lú. A fẹ́ gé bùbá tí olóògbé baálé mi fi sílẹ̀ lọ, ká rán àwọn ègé rẹ̀ pọ̀ fi ṣe aṣọ ìbora fáwọn ọmọ.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ ya á, ó ti gbó."

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní aṣọ?"

Mo fi sísọ́ọ̀sì gé e lẹ́nu, mo fà á. Ibi tó wù ú ló ya gbà.

Mo jókòó. Bùbá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù nìyẹn.

Mo ní kó gé ìyókù, kí n rí bó ṣe máa bà á jẹ́. Ó gbé rúlà lé e, ó yí ọ̀bẹ náà gba ihò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dọ́gba.

"Ṣé ó tọ́, Màmá?"

"Ojú ń dùn mí, n kò rí i dáadáa."

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ya aṣọ, ẹ dá sí i o, ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀ fún ọmọ yìí.