Ayálégbé Bàbá Mi

Ọkùnrin tó háyà yàrá nílé wa ní Oníṣà kì í jiyàn láì kọ́kọ́ bọ́ jígí ojú rẹ̀, kó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́ ló gbé e wá lẹ́yìn ogun, nígbà tí owó epo ń wọlé, tí gbogbo ìlú ń tún ilé kọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn abọ̀rìṣà Bábílónì ti ń pìtàn ìkún omi kí wọ́n tó kọ Bíbélì. Àfi bíi pé àwọn Júù yá a lò ni."

Mo ń retí ìjà. Bàbá mi, olórí ìjọ, ti nà mí rí torí pé mo bèèrè ibi tí Kéènì ti rí ìyàwó fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bú sí.

"Bí omi bá bo gbogbo ayé, ṣé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò rántí? Jókòó, máa wí!"

Láti ọjọ́ náà, wọ́n á jiyàn títí ọbẹ̀ á fi tutù. Mo jowú gan-an. Nígbà tí èmi náà dá sí i, bàbá mi ní, "Lọ kàwé rẹ."

Nígbà tí báńkì gbé e lọ sí Kàdúná, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá mi, tí kò sìn mí kọjá ẹnu ọ̀nà rí nígbà tí mo bá ń padà sílé ẹ̀kọ́, ló gbé àpótí ọkùnrin náà rù dé gáréèjì Nkpor.